Yàrá Ìkúnlẹ̀

Mo ti kúnlẹ̀ kí Eyínmẹ́nugún tó wọlé, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n ń fún wa nínú yàrá yẹn, mi ò sì fẹ́ kí aago ká mi mọ́ orí ìdúró. Àwa mẹ́rin nínú ikọ̀ Òkè-Apó la fẹ́ ọkọ sí Ìdí-Ọsàn. A tò sórí ẹní pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti bàtà bọ́ọ̀lù, à ń dúró de àwọn ọkọ wa. Ẹ má rò pé ọkùnrin ni mo ń sọ o. Ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún ni ọkọ tèmi lọ́jọ́ náà, àbúrò ọkọ mi ni, òun ló sì ń wọ nọ́ńbà mẹ́sàn-án fún Ìdí-Ọsàn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí mo dé ilé wọn ní ìyàwó. Ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, nítorí náà mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Eyínmẹ́nugún ni mo sọ ọ́, torí èjí tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, ọkọ mi," ni mo wí. "Ṣé dáadáa lẹ rìn dé?"

"Dáadáa ni, Ìyàwó wa. Ẹ dìde."

Kò rẹ́rìn-ín, mi ò sì rí èjí náà. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ rẹ̀, ó mú ife kan jáde, ife oníke kékeré, aláwọ̀ ewé, tí eyín ọmọdé ti ge etí rẹ̀ jẹ.

"Màmá ní kí n mú un wá fún yín."

Mo gbà á. Ife Omíyalé ọmọ mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, kò sì sí ife mìíràn tó lè fi mu omi nílé yẹn kó má sunkún. Mo yí i lọ́wọ́ lọ, mo yí i bọ̀. Òfìfo ni.

"Kí ni Màmá ní kí ẹ sọ fún mi?"

"Wọn ò ní kí n sọ nǹkan kan." Ó gbójú sílẹ̀. "Omíyalé ló ní kí n bi yín pé ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wálé."

"Ẹ sọ fún un pé ọ̀la ni."

Òótọ́ ni mo sọ, torí ọjọ́ yẹn gan-an ni líìgì ń parí. Bí líìgì bá ti bẹ̀rẹ̀, ilé bàbá ẹni lèèyàn ń padà sí, ibẹ̀ léèyàn sì máa wà títí eré ìkẹyìn. Òfin ni. Àwọn ọmọ ń wà lọ́dọ̀ bàbá wọn. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá tí mo ti gbé Omíyalé mọ́ra kẹ́yìn, ara mi sì ń wá a lóru bí ẹni tí wọ́n gé nǹkan kúrò lára rẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri yàrá náà ní lẹ́tà gàdàgbà: ORÚNKÚN MÉJÈÈJÌ NÍLẸ̀, ỌWỌ́ ÒFÌFO, OJÚ SÍ ALÁTAKÒ: ÌJỌ̀WỌ́ NI. Àwọn tó ṣe Ẹlẹ́rìí, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wa lórí pápá, kì í ṣe ará ibí. Ojú ogun ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ wọn lẹ́kọ̀ọ́, níbi tó ti jẹ́ pé ẹni tó bá kúnlẹ̀ níwájú ọ̀tá, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń tọrọ. Lọ́dún kìíní líìgì, ìyàwó kan kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ láàárín pápá nígbà tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Wọn ò tíì gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan, ìlú rẹ̀ sì ti pàdánù. Àwọn àgbà lọ bẹ Ilé-Iṣẹ́ Adágún, tó ń pín omi fún wa, pé kí wọ́n fi àṣà wa han ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní ẹ̀rọ ò ṣeé tún kọ́ mọ́. Yàrá ni wọ́n kọ́ fún wa dípò rẹ̀, pé kí kálukú kúnlẹ̀ tẹ́rùn níbẹ̀ kí wọ́n tó de Ẹlẹ́rìí mọ́ ọn láyà, kó má baà gbé orúnkún dé orí pápá.

Aago dún. Eyínmẹ́nugún yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú sí mi," ló wí, ó sì jáde.

Kóòṣì Bọ́látitó ló fọwọ́ ara rẹ̀ de Ẹlẹ́rìí mọ́ mi. Obìnrin gíga ni, orúnkún rẹ̀ kan ti daṣẹ́ sílẹ̀ látìgbà tóun náà ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìgbàyà tín-ín-rín ni Ẹlẹ́rìí, kò tẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ó tutù, bó bá sì ti kan awọ ara, ó máa ń gbọ̀n díẹ̀ kí iná tó tàn lára rẹ̀. Bí èèyàn bá ń ṣe tọkàntọkàn, iná náà á dà bí aró. Bó bá ń dẹ́wọ́, á pọ́n.

"Abíọ́nà, wò mí. Ṣé o wà níbí?"

"Mo wà níbí, Kóòṣì."

"Èmi kọ́ ni kó o dá lóhùn. Ohun tó wà láyà rẹ yẹn ni kó o dá lóhùn."

Mo mí kanlẹ̀. Iná náà tàn, àwọ̀ aró. Ó wò ó, ó wo ife tó wà lọ́wọ́ mi. Òun náà ní ọmọ méjì nílé ọkọ.

Bẹ́ ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà pápá, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rí ni ọ̀pá dígí mẹ́jọ tí wọ́n gbé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n ga ju ilé lọ. Ọ̀pá kan ìlú kan. Bí ìlú bá borí, omi á gòkè nínú ọ̀pá rẹ̀. Lọ́dún yẹn, ọ̀pá márùn-ún lomi ti wà dáadáa. Tiwa àti ti Ìdí-Ọsàn lomi wọn lọ sílẹ̀ jù, ọ̀pá kẹjọ sì ti gbẹ pátápátá, aláǹtakùn ló ń gbé inú rẹ̀. Ti Ìdí-Ẹ̀mì ni. Aṣọ́lé bíi èmi ni aṣọ́lé wọn, òun náà sì ní ọmọ nílé ọkọ. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, ó fò sí ibi tó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ò ní gbà, ó sì fò ó pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó rò pé ẹ̀rọ ò ní mọ̀. Ẹlẹ́rìí pọ́n kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Wọ́n ti géètì omi Ìdí-Ẹ̀mì fún ọdún méjì. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́ báyìí, ewúrẹ́ gan-an ò sí níbẹ̀.

Eré méjìlá ni ìlú kọ̀ọ̀kan ń gbá. A ti gbá mọ́kànlá. A bẹ̀rẹ̀ dáadáa, a na Arókoyò nílé, a ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì, inú wa dùn débi pé a jó nínú bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni atamátàsé wa méjèèjì fara pa lọ́sẹ̀ kan náà, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ìkẹyìn, ìka kan péré ni omi tiwa fi ga ju ti Ìdí-Ọsàn lọ. Bí a bá ta ọ̀mì, Ìdí-Ọsàn ló máa wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá borí wa, àwa ni. Ìlú tó bá wà nísàlẹ̀, lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ń ti géètì rẹ̀, wọn kì í sì í ṣí i títí òjò á fi padà. Kẹ́ẹ̀gì kan fún èèyàn mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, ìyẹn ni ọkọ̀ Ilé-Iṣẹ́ máa ń já sílẹ̀ fún wọn. Àwọn àgbàlagbà àti ọmọ wẹ́wẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ kú.

Àgbàlagbà tèmi wà ní Òkè-Apó. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi po ẹ̀kọ fún mi fúnra rẹ̀, ó jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán.

"Bí wọ́n bá ti géètì," ni mo wí, "ẹ máa tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ wa."

"Ìdí-Ọsàn kì í gba ará Òkè-Apó sílé nígbà géètì. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ lọ sí Arókoyò nígbà náà."

"Mi ò lọ síbì kankan." Ó nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a sin ìyá mi sí. "Ibi tó wà ni mo wà."

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ bàbá mi. Ó wà lára àwọn mẹ́rìndínlógún tó tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn líìgì. Àwọn ọkùnrin ti fi àdá pín omi adágún yẹn fún ọdún mẹ́ta gbáko, ó sì ti sú gbogbo wọn. Bàbá mi ló dìde níbi ìpàdé tó ní kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin máa fi bọ́ọ̀lù pín in. Ó ní kò sí ìlú tí kò fọmọ fún ìlú kejì, kò sì sẹ́ni tó máa yọ àdá lórí pápá tí ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ jọ wà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bó bá mu ẹmu, ó máa ń sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwa ọmọ á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Láti oṣù méjì sẹ́yìn, kò sọ ọ́ mọ́.

Òun náà ló kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ sílé ọkọ, ó pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá wà nílé yẹn ṣáájú rẹ, bó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ àná, ọkọ rẹ ni. Bó bá ń sunkún, kúnlẹ̀. Bí inú bá ń bí ọ sí i, ìgbà yẹn gan-an ni kó o kúnlẹ̀ kíákíá, kó o tó ronú." Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọdún méje ni mo fi kúnlẹ̀ nílé yẹn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, títí tí orúnkún mi ò fi bi mí léèrè mọ́ kó tó kanlẹ̀.

A jáde sórí pápá ní aago mẹ́rin. Ooru ń mú, ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fò ń kùn lókè orí wa. Èrò kún pápá bámúbámú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pariwo. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni kálukú gbé sáàárín ẹsẹ̀, torí bí eré bá ti parí, ẹ̀rọ omi kan máa ń ṣí lẹ́bàá pápá fún ìlú tó bá yọ. Mo wá bàbá mi kiri títí mo fi rí fìlà rẹ̀ ní ìlà kejì. Mo gbé ife Omíyalé sí ẹsẹ̀ òpó ilé mi, lẹ́yìn àwọ̀n. Ẹ má bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Kò síbòmíràn tí mo lè gbé e sí.

Ìdí-Ọsàn gbógun tì wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta jáde ní ìdajì àkọ́kọ́, mo fò mọ́ ọ̀kan lẹ́sẹ̀ Eyínmẹ́nugún, bàtà rẹ̀ sì ya mí létí. Ó dúró lórí mi díẹ̀, ẹnu rẹ̀ mì, ó sì sáré padà. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé pẹ̀lẹ́ fún alátakò lórí pápá yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá bojú wo àyà mi, aró ni mo ń rí. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí, pé ara mi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò bi mí bóyá mo fẹ́.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí eré parí, òdo sí òdo, ni bọ́ọ̀lù lu ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn fún wa. Ohùn jáde látinú òpó irin. Kò sí rẹfirí ní líìgì wa, ohùn yẹn nìkan ni, ó máa ń tutù pẹ̀lẹ́ bí ohùn nọ́ọ̀sì.

"Pẹ́nárítì. Ìdí-Ọsàn. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án."

Eyínmẹ́nugún gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ó padà sẹ́yìn. Mo mọ ibi tó máa gbá a sí, torí èmi ni mo kọ́ ọ ní pẹ́nárítì láàárín igi máńgòrò méjì nínú àgbàlá wọn. Á gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, á dá dúró díẹ̀, á sì gbá a sí ọwọ́ ọ̀tún aṣọ́lé, nísàlẹ̀. Kò mọ òmíràn gbá. Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀.

Mo ronú kan aṣọ́lé Ìdí-Ẹ̀mì. Mo ronú kan bàbá mi lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kan fún èèyàn mẹ́ta. Mo ronú kan Omíyalé, tó máa ń jí lóru pé òun fẹ́ mumi, tó sì máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì dúró de ife. Mo fẹ́ kí wọ́n pa mí dípò kí n yàn. Eyínmẹ́nugún gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó dá dúró díẹ̀.

Ara mi fò sọ́tùn-ún.

Orí ìka ni bọ́ọ̀lù náà bà, ó lu òpó, ó yí jáde kọjá ìlà. Gbogbo ará Òkè-Apó dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ẹ̀gì wọn sì ń ró gbọ̀ngbọ̀n lára àga. Mo dìde. Ọwọ́ mi ń jó mi. Ó ku ìṣẹ́jú kan péré, kọ́nà kan péré, a ó sì ti yọ.

Eyínmẹ́nugún wá bá mi. Kò rìn bí ẹni tó fẹ́ jà, ó kàn wá bí ọmọdé ṣe máa ń wá bá ẹni tó lù ú. Omi ń dà lójú rẹ̀, imú rẹ̀ ń ṣàn. Ó dúró níwájú mi, ó nawọ́ sí ife tó wà lẹ́yìn àwọ̀n.

"Ìyàwó wa," ló wí. "Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún un?"

"Ẹ má bínú," ni mo wí. "Ẹ má bínú, ọkọ mi."

Ó di ìgbà tí koríko gbóná lábẹ́ orúnkún mi kí n tó mọ ibi tí mo wà. Mo wà nílẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ọwọ́ mi sì ṣófo. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Mo gbọ́ tí Kóòṣì ké orúkọ mi láti ọ̀nà jíjìn. Ó ti pẹ́ jù.

"Òkè-Apó," ni ohùn náà wí pẹ̀lẹ́. "Ìjọ̀wọ́. Eré ti parí."

Lẹ́nu ọ̀nà, omi inú ọ̀pá dígí wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, gbogbo wa sì ń gbọ́ bó ṣe ń dà. Kóòṣì fẹsẹ̀ tó daṣẹ́ sílẹ̀ yẹn sáré títí dé ọ̀dọ̀ mi, ó di àyà aṣọ mi mú, ó fà á wálẹ̀ láti wo Ẹlẹ́rìí.

"Àṣìṣe ni," ló ń wí sí òpó irin náà. "Ẹ wò ó, ìkíni ni, ó ń kí i ni. Kò jọ̀wọ́ kankan."

Ìgbà náà ló wá rí iná náà. Aró ni. Mi ò tíì rí i kó kún tó bẹ́ẹ̀ rí, ó dúdú bí aró àkọ́rẹ. Kò síbi kankan tó ti pọ́n. Ẹlẹ́rìí ní tọkàntọkàn ni mo fi kúnlẹ̀. Kóòṣì tú ọwọ́ sílẹ̀ lára aṣọ mi, ó sì yí ojú kúrò. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láìmọye ìgbà látọjọ́ yẹn, mi ò sì tíì lè búra pé orúnkún mi nìkan ló kúnlẹ̀.

Ẹ̀rọ omi ṣí fún Ìdí-Ọsàn. Wọn ò jó, wọ́n kàn tò, wọ́n ń pọn ún. Eyínmẹ́nugún mú ife aláwọ̀ ewé náà, ó lọ bu omi sínú rẹ̀, ó gbé e wá fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mo gbà á, mi ò lè mu ún.

Bàbá mi ló sọ̀ kalẹ̀ láti ìlà kejì. Àwọn èèyàn wa yà fún un. Mo rò pé ó máa gbá mi létí, mo sì fẹ́ kó gbá mi. Mo fi orúnkún yíjú sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Ó wo orúnkún mi fún ìgbà pípẹ́ kó tó wo ojú mi.

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ló wí.

Mo na ife náà sí i. Ó wo omi tó wà nínú rẹ̀, ó wo etí rẹ̀ tí eyín ti ge jẹ, ó sì rọra ti ọwọ́ mi padà kó má baà dà.

"Gbé e lọ fún ọmọ rẹ. Ó ń dúró dè ọ́."

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà ibi tí bọ́ọ̀sì Òkè-Apó wà. Mo ń wò ó lọ. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà ń lù ú nítan bó ṣe ń rìn.